Kọ̀ǹpútà mi kì í mọ kíbọ́ọ̀dù láàárọ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìbéèrè, láti Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí Fọlágbadé, kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ṣoṣo ni mo sì fi ń jẹun. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá tàn án láàárọ̀, yóò kọ ọ́ sójú pé òun kò rí kíbọ́ọ̀dù, pé kí n tẹ F1. Mo lè tẹ F1 títí, kò ní gbọ́, iná kékeré NumLock kò sì ní tàn. Kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ tí orí wáyà rẹ̀ rí róbótó ni mo ń yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi láti fi là á kọjá, ṣùgbọ́n bí Windows bá ti lè ṣí, tèmi tó jẹ́ ti USB á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ojúde Ọba ti sún mọ́lé, orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ régbérégbé kan tí mo ń tẹ̀ sì wà nínú ẹ̀rọ yìí. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Èsì, láti Ìpẹ̀rù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé kì í ṣe ihò USB aláwọ̀ búlúù lẹ fi í sí? Nínú àwọn ẹ̀rọ kan, ihò búlúù kì í jí títí Windows yóò fi ṣí. Ẹ gbé e sí ihò dúdú tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gan-an.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, àbúrò mi. Mo ti gbé e síbẹ̀, kò yí padà. Ohun kan tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀ ni pé láràárọ̀ ni aago inú rẹ̀ ń padà sí ọdún 2009.

Èsì, láti Ṣágámù:
Ẹ̀gbọ́n, aago yẹn gan-an ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, ẹ má ra kíbọ́ọ̀dù tuntun. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ yín, ó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n ń pè é, fóòtì 3 ni agbára rẹ̀. Òun ló ń bá BIOS, ìyẹn ètò tó máa ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí, rántí aago àti gbogbo ètò tí a ti ṣe sílẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Bí ó bá ti kú, tí ẹ sì pa sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri lálẹ́ kí ẹ tó tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ náà á gbàgbé ohun gbogbo, á padà sí bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan, kíbọ́ọ̀dù USB kì í sì í ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí, àfi bí ènìyàn bá yàn án bẹ́ẹ̀.

Ẹ yọ okùn iná kúrò pátápátá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó ṣẹ́ kù lè tán, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí náà, kí ẹ tó yọ bátìrì. Ojú tó ní àmì + ni kó kọjú sí yín bí ẹ bá ń fi tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù aládùúgbò yín sí ihò róbótó aláwọ̀ elésè àlùkò, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní pípa ni o. Mo ti rí ẹ̀rọ tó bàjẹ́ nítorí pé wọ́n fa irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ yọ níbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ máa tẹ Del tàbí F2 títí BIOS yóò fi ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ USB Legacy Support sí, ẹ fi sí Enabled, ẹ tún aago ṣe, kí ẹ sì tẹ F10 láti fi pa á mọ́.

Olùbéèrè:
Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ra bátìrì náà lánàá, mo sì ṣe bí ẹ ṣe là á sílẹ̀. Mo pa sọ́kẹ́ẹ̀tì lálẹ́ bí ìṣe mi. Nígbà tí mo tan ẹ̀rọ láàárọ̀ yìí, iná NumLock tàn kí Windows tó ṣí, aago náà sì pé. Mo ti dá kíbọ́ọ̀dù aládùúgbò mi padà.