Omi táǹkì ẹja mi ń gbóná jù lọ́sàn-án, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ẹja. Bàrígà ni mo wà, táǹkì oníke méjì ni mo fi ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, omi a gbóná dé dígírì 34, bẹ́ẹ̀ 25 sí 30 ló tẹ́ àrọ̀ lọ́rùn. Wọn kì í jẹun mọ́ nígbà náà, wọ́n á kàn máa gbé ẹnu sókè.

Àbúrò mi tó ń kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì ní purotéènì inú ara ẹja dà bí aṣọ tí a ká dáadáa: ooru àpọ̀jù a tú u, kò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ara ẹja á wá pèsè irú mìíràn, HSP70, tó ń bá a tún èyí tó tú ká. Ṣùgbọ́n agbára tó yẹ kí ẹja fi dàgbà ló ń ná síbẹ̀! Ìyẹn ló dùn mí jù, torí oúnjẹ ẹja ti wọ́n.

Ṣé kí n máa da omi kànga tútù sí i lọ́sàn-án, àbí òtútù òjijì náà á tún da ara wọn rú? Ṣé nẹ́ẹ̀tì dúdú lórí táǹkì tó? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é.