Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èmi àti ọkọ mi fẹ́ jọ pàtẹ iṣẹ́ ọnà l'Ékòó, orúkọ ta ni ká kọ sí i?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Amọ̀kòkò ni mí, Òkèlele ní Ìlọrin níbí ni wọ́n bí mi sí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọkọ mi ń ya àwòrán, orí kánfáàsì ló ń yà á sí tẹ́lẹ̀, ìgbà tá a fẹ́ra tán ló bẹ̀rẹ̀ sí fín ọnà sára ìkòkò mi kó tó gbẹ tán. Èmi ni mò ń gún amọ̀, èmi ni mò ń mọ ọ́n, èmi náà ni mò ń sun ún, tó bá ti pọ́n nínú iná màá wá bu omi tá a fi èèpo èso igi irú sè wọ́n ọn kó lè dúdú kó máa dán. Wàyí o, fáǹdéṣọ̀n aládàáni kan l'Ékòó pè wá, wọ́n fẹ́ pàtẹ iṣẹ́ àwọn tọkọtaya tó jọ ń ṣọnà. Inú wa dùn gan-an. Àmọ́ nígbà tí ìwé àdéhùn dé, orúkọ ọkọ mi ló wà lókè, wọ́n wá fi "àti ìyàwó rẹ̀" sí i, ẹnì kan ló máa sáìn, àkáǹtì kan ni wọ́n bèèrè. Ọkọ mi ní òun á ní kí wọ́n tún un ṣe, èèyàn dáadáa ni. Ìyá ọkọ mi ló ní ọ̀kan náà ni tọkọtaya, kí ni mò ń wá orúkọ sí. Ṣé ká fi orúkọ àwa méjèèjì sí gbogbo ẹ̀ ni àbí kí kálukú fi tiẹ̀ sí tiẹ̀? Owó ńkọ́, fáǹdéṣọ̀n á yọ ìdá 40 nínú 100, báwo la ṣe máa pín ìyókù?

Aláṣọ-òkè Ọ̀fà: Ẹ kú oríire o àǹtí. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá lo orúkọ kan. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi la jọ ń hun aṣọ, kò sẹ́ni tó ń bi wá pé ta ló hun èwo. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ da ilé yín rú jàre.

Ọmọ Èsìẹ́: Ẹ̀gbọ́n wa l'Ọ́fà, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ère òkúta tó wà ní mùsíọ́mù wa ní Èsìẹ́ lé ní 800, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni, 1945 ni wọ́n ṣí i, kò sì sẹ́ni tó lè dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó gbẹ́ wọn. Ó máa ń dùn mí wàláhì. Ẹ wá wo Areògún ará Òsì, agbẹ́gilére, ọ̀dọ̀ wa náà ni, 1954 ló kú, iṣẹ́ ẹ̀ wà nínú mùsíọ́mù òyìnbó títí dòní, wọ́n sì ń dárúkọ ẹ̀. Àǹtí, ẹ kọ orúkọ yín.

Olùkọ́ Ọnà, Òmù-Àrán: Ẹ wo Christo àti Jeanne-Claude, tọkọtaya tó fi aṣọ bo ilé aṣòfin Jámánì ní Berlin ní 1995. Ọ̀pọ̀ ọdún ni orúkọ ọkọ nìkan fi wà lára iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe, 1994 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé gbogbo iṣẹ́ ńlá ìta gbangba wọn, títí kan àwọn ti àtijọ́, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ṣùgbọ́n àwòrán tí Christo fọwọ́ ara ẹ̀ yà, orúkọ ẹ̀ nìkan ló wà lára ẹ̀ títí dópin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́yin náà ṣe é: ìkòkò tí ọkọ yín ò fọwọ́ kàn, tiyín, kánfáàsì, tiẹ̀, èyí tó fín, ẹ̀yin méjèèjì.

Lọ́yà Tańkẹ̀: Ẹ má sáìn ohunkóhun o. Marina Abramović àti Ulay, olólùfẹ́ méjì tó ń fi ara wọn ṣe ọnà níwájú èrò, jọ ṣiṣẹ́ látọdún 1976 sí 1988, nígbà tó yá wọ́n ṣe àdéhùn pé ìdá 20 nínú 100 owó tó bá wọlé lórí iṣẹ́ yẹn á jẹ́ ti Ulay. Ulay pe Abramović lẹ́jọ́, ní 2016 kóòtù ní Netherlands ní kí obìnrin náà san €250,000 fún un, wọ́n tún pàṣẹ orúkọ ẹni tó máa ṣáájú: Ulay ló ṣáájú lórí iṣẹ́ 1976 sí 1980, Abramović lórí ti 1981 sí 1988. Ìwé tí wọ́n kọ ló gba Ulay. Òfin tiwa náà sọ pé ẹni tó ra ìkòkò ò tíì ra kọ́píráìtì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà ẹ̀, ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ fọ́tò àti ìwé ìpàtẹ dáadáa.

Aláṣọ-òkè Ọ̀fà: Ó dáa, mo gbà fún lọ́yà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń pín owó ẹ má pín in dọ́gba-dọ́gba o, ìkòkò ń bẹ́ nínú iná, kánfáàsì kì í sì í fọ́ lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó igi àti amọ̀ kúrò.

Olùkọ́ Ọnà, Òmù-Àrán: Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ta ló máa sanwó tí ìkòkò bá fọ́ lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Èkó, kẹ́ ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ kó tó wọ mọ́tò.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ka gbogbo ẹ̀ sétí ọkọ mi, ó ní ká yọ ìnáwó, kí n mú ìdá 60 lórí èyí tá a jọ ṣe. A ti kọ lẹ́tà sí wọn pé orúkọ méjì, ibi ìsáìn méjì, àkáǹtì méjì. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti fi ìwé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí inbox yín, ẹ bá mi wo ojú ewé kẹta.