Ẹ yọ "ìfinihàn" kúrò lójú káàdì yẹn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ kékeré sílẹ̀, tí wọ́n ń bá àwọn oníṣẹ́ tuntun bíi tiwọn ṣe ọnà sára káàdì pélébé tí oníṣòwò máa ń fún èèyàn, bi wá léèrè orúkọ tí a lè máa pe káàdì náà ní Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n wa kan dáhùn pé "káàdì ìfinihàn". Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Lánàá, wọ́n fi àwòrán káàdì tiwọn ránṣẹ́: orúkọ ilé-iṣẹ́ lókè, nọ́ńbà fóònù láàárín, àti nísàlẹ̀ pátápátá, A Ń ṢE KÁÀDÌ ÌFINIHÀN. Oorun ò kùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, àgbà ni yín, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ tún "ni" tó wà láàárín yẹn wò. Bí mo bá fi ọ̀nà hàn yín, oore ni mo ṣe. Bí mo bá fi yín hàn ńkọ́? Mo ti tà yín nìyẹn. Nínú Bíbélì tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ ìwé kíkà, Júdásì ni "ẹni tí ó fi í hàn". Afinihàn là ń pe irú wọn títí dòní. Káàdì ta ni oníbàárà fẹ́ gbà, tó bá ka èyí lójú rẹ̀?

Ẹ ní "fi ara ẹni hàn" lẹ ní lọ́kàn. Níbo wá ni "ara" wọlé sí? Òun ló gbé ìtumọ̀ dání, òun lẹ sì gé dànù. Bí ẹ bá tún dá a padà, "ìfarahàn" lẹ máa bá, ti áńgẹ́lì àti ìran nìyẹn. Mo yí "hàn" yìí síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, kò bá káàdì mu. "Káàdì ìdánimọ̀" tí ẹlòmíràn dá lábàá, ti ìjọba ni. Kò yẹ ká máa jà lé e lórí.

Káàdì òwò ni tèmi. Ẹ ní "káàdì" kì í ṣe ọmọ bíbí ilé. Àlùbọ́sà ńkọ́? Àdúrà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ohùn wa ti di tiwa, "káàdì" sì ti gbà á: òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń kọ "kadi" ló yẹ kẹ́ ẹ bá wí. Láti ìgbà àkọtọ́ 1974, ìlànà bó ṣe yẹ ká máa kọ Yorùbá sílẹ̀, la ti ń kọ fáwẹ̀lì méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ léra.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí ni òwò fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá láìfi àmì sí i, OWO: owó ni, àbí ọwọ́, àbí ọ̀wọ̀, àbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ ọnà yín bẹ̀rẹ̀ láti ibi irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí ẹ bá yàn. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà ló ní ọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ́ tí Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, kà sí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń fi àmì ohùn lé e lórí. Irú lẹ́tà tí wọn ò ṣe fún èyí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eṣinṣin. Ẹ sún àwòrán yín mọ́ra kẹ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn: àmì abẹ́ Ṣ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Lórí káàdì mìlímítà 85 sí 55, ẹ fi ó kéré tán mìlímítà 3 sílẹ̀ nínú etí rẹ̀ yíká, kí ọ̀rọ̀ kankan má dé ibẹ̀, kí àwọ̀ ẹ̀yìn sì kọjá ojú gígé ní mìlímítà 3. Bí abẹ tí wọ́n fi ń gé e bá yẹ̀ díẹ̀, Ṣ á di S.

Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ jáde. Tí ẹ̀rọ bá ti fo àmì abẹ́, á jókòó, á mú báírò tó rí tín-ín-rín, á máa kán an sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ọgọ́rùn-ún káàdì. Mo máa ń ráhùn nígbà náà pé ta ló máa rí i. Bàbá ò ní dá mi lóhùn, á ṣáà na èyí tó kàn sí mi.

Sí ẹni tó ní ìlà kékeré tó dúró lóòró ló yẹ lábẹ́ lẹ́tà, kì í ṣe àmì kíún roboto: ẹ jẹ́ ká dá ìyẹn sílẹ̀ ní tirẹ̀, mi ò tíì gbà fún yín. "Ilé-iṣẹ́ ọ̀dọ́mọdé" tí ẹ tún pe ilé-iṣẹ́ tuntun bíi tiwọn, ọmọdé kì í dókòòwò. Ilé-iṣẹ́ àṣẹ̀ṣẹ̀dá ni kẹ́ ẹ pè é.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má tíì fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Mo ti tún ìlà ìsàlẹ̀ kọ, A Ń ṢE KÁÀDÌ ÒWÒ, mo sì gbé e sókè díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo ń retí yín lórí "ni" yẹn.