Lórí àbá "agbógun-ti-ìpáàrà": ewé kì í ṣe irin

Ẹ̀yin ará,

Ẹni tó dábàá pé "agbógun-ti-ìpáàrà" ni ká máa pe antioxidant, èròjà tí kì í jẹ́ kí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ti ṣì wá lọ́nà. Irin ló ni ìpáàrà. Omi ìsápá pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀, kì í dógùn-ún: ṣíṣá ló ń ṣá, bí aṣọ àdìrẹ ṣe ń ṣá lóòrùn.

"Agbógun" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ẹni tó gbógun lọ lè ṣẹ́gun kó padà wálé. Èròjà yìí kì í padà: òun ló ń fi ara rẹ̀ fún ọ́síjìn kí ọ́síjìn má baà ba nǹkan mìíràn jẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti wà nínú ìgò, ibẹ̀ ni yóò ti ná ara rẹ̀ tán kó tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ka "agbógun" lára ìgò yóò rò pé kò séwu, yóò gbé e síta nínú oòrùn.

Ìsápá a máa pọ́n fòò bí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan: bó ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe ń kan sí) kò bá tó 3. Bó bá ti gòkè dé 4 tàbí 5, àwọ̀ náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ooru ló burú jù: bí ooru bá fi 10°C lé sí i, ìbàjẹ́ sábà máa ń yára ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Fíríìjì ni ààyè rẹ̀, ní 4°C, nínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tí omi kún dé ọrùn, nítorí àyè tó ṣófo lókè ni afẹ́fẹ́ ń gbé. Èyí tí yóò pẹ́, ẹ jẹ́ kó dì ní -18°C, nínú ike kéékèèké, kí ẹ má baà máa yọ́ ọ kí ẹ tún máa dì í. Ìyẹn nìkan ló ń fẹ́ àyè díẹ̀ lókè, torí omi tó dì a máa wú. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bó bá ti ń dì mọ́ra, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan tún ń da fítámì C sí i pé kó dáàbò bò ó. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, fítámì C àti àwọ̀ ìsápá ń ba ara wọn jẹ́ ni. Agbógun méjì nínú ìgò kan, wọ́n ń pa ara wọn! Irú ogun wo nìyẹn?

Àbá tèmi ni "afarajìn".

*

Ẹ̀gbọ́n, èsì tèmi sí lẹ́tà yín rè é: mo gbà pé ewé kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n "afarajìn" ti nílé tirẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà. Ẹni tó lọ́kàn, tó mọ̀ọ́mọ̀, ló ń fara jìn. Ẹ̀yin náà lẹ pe "ṣá", kí ló dé tí ẹ fi jù ú nù? "Aṣáájúṣá": ó ṣáájú, ó ṣá, kí èyí tó kù má baà ṣá.

Ohun tó dùn mí jù ni "àyọ" tí àbá kan náà fi pe omi tí a yọ lára ewé, tí ẹ fi sílẹ̀ láìbá a wí. Àyọkà àti àyọlò ní ọ̀rọ̀-ìṣe kejì tó gbé wọn ró. "Àyọ" dá dúró lásán. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára ìgò láìfi àmì sí i, "ayọ̀" ni gbogbo èèyàn yóò kà. Oje ni èyí tí a fún ní tútù, àgbo ni èyí tí a sè, kò sí ìyá eléwé-ọmọ tó máa da méjèèjì pọ̀. Oje tútù ṣì ní ẹ́ńsáìmù, èròjà inú ewé tó ń mú ìyípadà yára, èyí tó ń sọ ewé di dúdú; sísè ti pa á nínú àgbo. Wọn kì í pẹ́ bákan náà nílẹ̀, àbá yẹn sì fẹ́ fún àwọn méjèèjì lórúkọ kan.