Kí ni ká pe káfíìnì? Èsì mi lórí “oògùn àìsùn”, “tíì” àti “èèwọ̀”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ìkòròdú. Mo ti ka gbogbo èsì tó wọlé lórí ìbéèrè àbúrò wa tó ń tú ìwé pélébé ìlera kan sí Yorùbá fún ìjọ Adventist ládùúgbò wa níbí. Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: ìwé náà ń ṣàlàyé ìdí tí ìjọ fi ń gba àwọn ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n yẹra fún kọfí, tíì àti àwọn ohun mímu mìíràn tó ní káfíìnì nínú. Ohun tí àbúrò wa ń wá ni orúkọ tí a lè pe káfíìnì yìí ní èdè wa. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́ dá “oògùn àìsùn” lábàá. Àǹtí wa ní Badagry fẹ́ “afúnnilókun”. Ẹnìkan mú “alóorun” wá, àwọn yòókù sì ní ká kọ “káfíìnì” ká máa lọ. Inú ìjọ náà ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí lọ́nà méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, “oògùn àìsùn” kò lè ṣe é. Bí Yorùbá bá fi orúkọ àìlera ti oògùn lẹ́yìn, oògùn tó ń wo àìlera yẹn ló ń sọ: oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Lóòótọ́ oògùn owó kì í lé owó lọ, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń fẹ́ ni owó. Àìsùn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fẹ́. Ẹni tó bá wọ kẹ́míìsì ní Sábó tó ní òun fẹ́ oògùn àìsùn, èyí tó máa jẹ́ kó sùn ni wọ́n máa kó fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a bá gbọ́ “àìsùn” ní ìhín, àìsùn òkú ló ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ìwé ìlera tí wọ́n máa pín lẹ́yìn ìsìn kò yẹ kó mú ọkàn èèyàn lọ síbẹ̀.

“Alóorun” wuyì lójú ìwé, etí ni kò gbà á. Ẹni tó dá a ní “a-lé-oorun” ni òun ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí “lé” bá pàdé “oorun”, “lóorun” ló ń dà, bẹ́ẹ̀ sì ni bí “ní” bá pàdé “oorun”, “lóorun” náà ló ń dà. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ “alóorun” á rò pé ẹni tí oorun pọ̀ lójú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ òdìkejì ohun tó yẹ kó sọ, ẹ jẹ́ ká gbé e tì.

“Afúnnilókun” ni mo fẹ́ bá jà jù, torí òun ló lè ṣi aráàlú lọ́nà. Káfíìnì kì í fúnni lókun. Bí a bá wà láìsùn fún ìgbà pípẹ́, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adẹnosíìnì máa ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Ó ní àyè tó máa ń jókòó sí níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Káfíìnì jọ adẹnosíìnì ní ìrísí, á lọ jókòó sí àyè yẹn, kò sì ní jẹ́ iṣẹ́ kankan. Àárẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ọpọlọ ni kò gbọ́ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì káfíìnì tí àgbàlagbà mu ṣì máa ń wà lára rẹ̀. Bó bá wá tán, gbogbo àárẹ̀ tó ti kó jọ á dé lẹ́ẹ̀kan. Ṣúgà inú ohun mímu alágolo tí wọ́n ń tà fún àwọn onímọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè fúnni lókun díẹ̀, káfíìnì inú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ló ń jàǹfààní bí a bá ń pè é ní afúnnilókun.

Ìwé tí à ń tú gan-an ló tún lòdì sí orúkọ yẹn. Ellen White, tó wà lára àwọn tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ti ń kọ́ni nípa ìlera láti 1863. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1905, ohun tó sọ nípa tíì àti kọfí ni pé okun tó dà bíi pé wọ́n ń mú wá kì í ṣe okun tòótọ́, àárẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó tíì mọ iṣẹ́ adẹnosíìnì yìí nígbà náà. Báwo la ṣe máa wá pe èròjà náà ní afúnnilókun nínú ìwé tó ń sọ pé irọ́ ni okun rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn wa fúnra wọn ń sọ. Awakọ̀ tó ń na ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù lóru, tó ju awẹ́ obì sẹ́nu, kì í sọ pé ó fún òun lókun. “Ó gba oorun lójú mi” ló máa ń sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. “Agboorunlójú” ni mo dá lábàá: ohun tó ń gba oorun lójú ẹni. Kò yìn ín, kò bú u, kò sọ ju iṣẹ́ tó ń ṣe lọ. Ẹnìkan lè sọ pé kí a gé e sí “agboorun”. Rárá o. Ohùn nìkan ló ya ìyẹn sọ́tọ̀ kúrò lára agboòrùn tí à ń ṣí sórí nígbà òjò, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwé ìjọ ni wọ́n ń tẹ̀ láìsí àmì ohùn. “Lójú” tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í jẹ́ kó ṣini lọ́nà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bó bá gùn, “amóhùnmáwòrán” náà gùn, a sì ń lò ó. Ó tún rọrùn láti fi sọ nǹkan mìíràn: kọfí tí wọ́n ti yọ agboorunlójú rẹ̀, ohun mímu tí kò ní agboorunlójú. Mi ò ní ká lé “káfíìnì” lọ o. Òun ló wà lára agolo àti ìgò, kí a kọ ọ́ ti agboorunlójú lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ ohun tó máa wò bó bá dé ọjà.

Obì tí mo dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ẹnìkan kọ̀wé níbí pé nǹkan òyìnbó ni káfíìnì, pé kò kan ìran wa. Káfíìnì wà nínú obì, àbàtà àti gbànja. Ní 1819 ni Runge, ará Jámánì, kọ́kọ́ yọ ọ́ lọ́tọ̀ láti inú kọfí. Àwọn baba wa ti ń fi obì gba oorun lójú kí wọ́n tó bí Runge. Gbànja tí wọ́n ń kó láti Ṣàgámù, tí kò jìnnà sí wa rárá, lọ sí ilẹ̀ Haúsá, ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi ń rà á nìyẹn. Coca-Cola, mínírà tí Pemberton ṣe ní Atlanta ní 1886, ara obì ló ti mú ìdajì orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tí wọ́n ní ká tú: kọfí, tíì, mínírà, ohun mímu alágolo. Obì kò sí níbẹ̀, torí kì í ṣe ará Ìkòròdú ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ìyá àgbà kan ní Ìta Ẹlẹ́wà tí kò mu kọfí rí, tó sì ń jẹ obì láàárọ̀ àti lálẹ́, á kà á tán, á sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Mo bẹ àbúrò wa, fi obì sí i. Má fi orógbó kún un, igi tirẹ̀ kì í ṣe ẹbí igi obì.

Ọ̀rọ̀ tó le ju káfíìnì lọ nínú ìwé yìí ni “tíì”, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ní ìlú wa, bí ẹnìkan bá ní òun ti mu tíì, ó lè jẹ́ Milo, ó lè jẹ́ Bournvita, ó lè jẹ́ Lipton. Ohun gbígbóná tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀pù, tí búrẹ́dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tíì ni. Máì ṣáyì tó wà ní Sábó á po gbogbo rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú mílíìkì, orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́. Ewé tí ìwé náà ń sọ, ewé igi kan ni, òun kan náà ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé. Kòkó ni wọ́n fi ṣe Milo àti Bournvita ní tiwọn, díẹ̀ ni agboorunlójú tó wà nínú kòkó. Ewé tíì tí a ń gbìn sẹ́yìnkùlé wá ńkọ́, èyí tí àwọn kan ń pè ní koríko ọba? Kò ní agboorunlójú rárá. Bí a bá wá kọ “ẹ yẹra fún tíì” lásán, ìyá àgbà kan náà á da ewé tíì tó ń sè nígbà ibà nù, á sì máa jẹ obì rẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kó ṣe gan-an la máa yí sódì fún un. Kí a kọ ọ́ ní kíkún: “tíì inú àpò pélébé, irú èyí tí à ń pè ní Lipton, yálà dúdú tàbí aláwọ̀ ewé”. Kí gbólóhùn kan sì tẹ̀ lé e pé ewé tíì ẹ̀yìnkùlé kò sí lára rẹ̀.

“Èèwọ̀” ló kù. Nínú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́, ó kọ ọ́ pé “èèwọ̀ ni kọfí àti tíì fún ọmọ ìjọ”. Ìjọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ 28 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ìkejìlélógún ló dárúkọ ọtí, tábà, ìlòkulò oògùn àti oúnjẹ aláìmọ́ tí Bíbélì kà sílẹ̀. Kò dárúkọ kọfí, kò dárúkọ tíì. Inú ìlànà àti ìmọ̀ràn ìjọ ni ti káfíìnì wà, pé wọn kò fẹ́ ká máa mu ún, orí ohun tó wà nínú 1 Kọ́ríńtì 6:19 ni wọ́n sì gbé e kà, pé tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́ ni ara wa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́ nílẹ̀ yìí: ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó ní ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ sí òun àti ìdílé rẹ̀. Adventist tó mu kọfí kò jẹ èèwọ̀. Ó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn, wọ́n sì lè bá a sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe sọ ọ́ di “bó bá wù yín” náà, torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa fẹ́ bẹ́ẹ̀. “Ìjọ ń rọ̀ wá” ló bọ́ sí i.

Àbúrò mi, bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé, kí ẹni tó bá ní àtúnṣe sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ tí ìwé máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé: “Ìjọ ń rọ̀ wá pé ká yẹra fún ohunkóhun tó ní agboorunlójú, ìyẹn káfíìnì, nínú: kọfí, tíì inú àpò pélébé, mínírà aláwọ̀ dúdú, ohun mímu alágolo tó ń gba oorun lójú ẹni, àti obì.” Ti alágolo yẹn ṣì gùn lẹ́nu mi. Àǹtí Badagry, ẹ bá wa wá èyí tó kúrú, kó má ṣáà ti ní “okun” nínú.