Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ irin ni ìpáàrà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú èdè, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó ń ṣe ògbufọ̀ ìwé ààbò fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfọpo ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì kan máa ń rìn pọ̀ nínú ìwé náà, fouling (ohun tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ) àti corrosion (kí nǹkan máa jẹ irin), ó sì béèrè ohun tí a ó máa pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìbàdàn dáhùn pé ìbàjẹ́ ẹ̀rọ ti tó fún méjèèjì. Àǹtí wa láti Lọ́ńdọ̀nù ní kí á pe ti àkọ́kọ́ ní ìdọ̀tí, kí á pe èkejì ní ìpáàrà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, n kò lè fara mọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí á wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kí á tó dá orúkọ.

Epo rọ̀bì kì í dá jáde láti inú ilẹ̀. Omi iyọ̀ máa ń bá a wá, bẹ́ẹ̀ ni imí-ọjọ́, iyanrìn àti ohun dúdú kan tó ki bí ọ̀dà. Kí wọ́n tó gbé e wọ ìléru, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ nínú agbá ńlá kan, agbá ìfọ̀yọ̀, wọ́n á sì fi iná mànàmáná kó àwọn ẹ̀kán omi náà jọ, kí iyọ̀ lè bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn fífọ̀ ni wàhálà. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ooru yẹn, ṣùgbọ́n iyọ̀ magnésíọ̀mù àti ti kálísíọ̀mù a máa tú, wọ́n á sì bí ásíìdì. Ásíìdì yìí á bá oru gòkè dé téńté agbá gíga tí epo ti ń pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbi tí oru omi bá ti kọ́kọ́ di ẹ̀kán, ibẹ̀ ni ásíìdì yóò kó wọ inú omi, tí yóò sì dojú kọ irin.

Wọ́n á wá fi amóníà pa ásíìdì náà. Ó kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun àti amóníà ti para pọ̀ di iyọ̀ tuntun, iyọ̀ yìí á sì di èépá sára àwọn páìpù tí ooru ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí àbúrò wa ń wá orúkọ fún nìyẹn. Èépá náà á fa omi mọ́ra, irin abẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu. Ohun kejì nìyẹn. Lára páìpù kan náà, ọ̀kan ń lẹ̀ mọ́ irin, ó ń mú kó nípọn. Èkejì ń jẹ irin, ó ń mú kó fẹ́lẹ́. Bí a bá pe méjèèjì ní ìbàjẹ́, kí la ní kí ẹni tó di sípánà mú ṣe?

Ẹ̀gbọ́n wa lè sọ pé àlàyé inú ìwé yóò yanjú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìfọpo Humber, nítòsí Immingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2001. Iyọ̀ ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ pàṣípààrọ̀ ooru wọn níbi tí wọ́n ti ń ya gáàsì sọ́tọ̀. Wọ́n ń rọ omi sínú páìpù tó lọ síbẹ̀ kí iyọ̀ náà lè yọ́. Omi yẹn àti ìṣàn gáàsì dojú kọ ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó wà níwájú, wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́, ó bẹ́, gáàsì tú jáde, iná sì sọ. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni, ọjọ́ ìsinmi, àwọn tó wà níbi iṣẹ́ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Oògùn ọ̀kan ló di oúnjẹ èkejì níbẹ̀. Èdè tó bá da méjèèjì pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan kò ní lè sọ ìtàn yìí fún òṣìṣẹ́ kó yé e.

Ó wá kan ìpáàrà. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ó wà nínú Bíbélì wa, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn kan lára wa ń sọ pé irin dógùn-ún, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa ń rí lójú ọkàn bí a bá gbọ́ ọ ni nǹkan pupa tí omi àti afẹ́fẹ́ máa ń fi sára irin. Àwọ̀ pupa yẹn ni òṣìṣẹ́ yóò máa wá kiri. Nínú ilé ìfọpo, bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, imí-ọjọ́ inú epo lè máa jẹ irin láìsí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀, dúdú sì ni ohun tó ń fi sílẹ̀. Ohun tó jẹ páìpù ilé ìfọpo Chevron ní Richmond, ní Kalifóníà, nìyẹn, tó fi bẹ́ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2012. Àwọn òṣìṣẹ́ 19 ni ìkùukùu epo bò mọ́lẹ̀ kó tó gbiná; gbogbo wọn ló jáde láàyè, àmọ́ nǹkan bí 15,000 ènìyàn àdúgbò ló lọ gba ìtọ́jú. Sílíkọ́ọ̀nù kò pọ̀ tó nínú irin páìpù náà, ìdí nìyẹn tí imí-ọjọ́ fi tètè jẹ ẹ́. Ẹni tó ń wá ìpáàrà kò ní rí nǹkan kan lára páìpù bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìjẹrin ni mo dábàá. N kò lọ jìnnà wá a. A máa ń sọ pé táyà ti jẹ, bàtà ti jẹ, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ohun tó jẹ ti dín kù. Ẹnì kan kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé irin kọ́ ni idẹ, bẹ́ẹ̀ amóníà tí mo dárúkọ a máa jẹ idẹ gan-an. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, irin-iṣẹ́ là ń pe ohun èlò káfíńtà, tó fi mọ́ èyí tí a fi igi ṣe. Irin ti gbòòrò lẹ́nu wa tipẹ́. Ìpáàrà kò sì ní parẹ́, yóò jẹ́ oríṣi ìjẹrin kan.

Ìdọ̀tí ló ká mi lára jù, nítorí ẹ̀bi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìdọ̀tí wà nínú ẹ̀rọ yóò ní ẹnì kan kò gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n epo rọ̀bì méjì tí kò ní wàhálà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè pàdé nínú agbá kan, kí ohun dúdú tó yọ́ sínú ọ̀kan má lè yọ́ mọ́, kó silẹ̀, kó sì lẹ̀ mọ́ páìpù. Ta ló dọ̀tí níbẹ̀? Bó ṣe ń nípọn sí i ni ooru kò ní ráyè kọjá, ìléru á sì máa jẹ epo púpọ̀ sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìlẹ̀mọ́ ni mo rò pé ó yẹ ẹ́. Ó gba iyọ̀, ó gba ọ̀dà, ó gba ohun rírọ̀ àti ohun líle. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn ìdèépá, nítorí èépá egbò ni gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ohun gbígbẹ ni èépá, kò sì bá èyí tó rọ̀ bí ìda mu. Ti inú páìpù ìléru, níbi tí epo ti ń jóná di dúdú gbagidi, ẹ jẹ́ ká pè é ní ìdèédú.

Ọ̀rọ̀ kẹta wà tí àbúrò wa kò tíì béèrè, bẹ́ẹ̀ òun ni yóò pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀: àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń rọ sínú epo láti dín nǹkan méjèèjì kù. Adènà ni ọ̀pọ̀ yóò fẹ́ pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá dènà ti dí ọ̀nà pátápátá. Kẹ́míkà wọ̀nyí kì í dí ọ̀nà. Èyí tó ń bá ìjẹrin jà kàn ń tẹ́ awọ fẹ́lẹ́ kan sára irin ni, bí ìṣàn bá sì le, awọ náà a máa ṣí. Òṣìṣẹ́ tó bá ka adènà lè dáwọ́ wíwọn bí irin páìpù ṣe nípọn tó dúró. Ẹ̀rọ̀ wá sí mi lọ́kàn, torí ohun tí ẹ̀rọ̀ ń ṣe gan-an ni, ó ń mú nǹkan rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rọ̀ ìjẹrin yóò di ẹ̀rọ ìjẹrin, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ irin, ìwé ààbò kò sì gba irú èyí. Adínjẹrin àti adínlẹ̀mọ́ ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò. Wọn kò dùn lẹ́nu tó ẹ̀rọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣèlérí ju ohun tí kẹ́míkà lè ṣe lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè bóyá ẹnikẹ́ni tiẹ̀ nílò gbogbo èyí. Ilé ìfọpo Ibẹ̀jú-Lẹ́kkí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024, èyí tí wọ́n kọ́ kó lè fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́, orí ilẹ̀ wa ló wà. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀. Ọmọ tó lè fi èdè yìí kọ́ sáyẹ́ǹsì lè fi wọn páìpù.

Àbúrò mi, fi ojú ìwé tó ní àwòrán agbá ìfọ̀yọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí wa. Mo fẹ́ rí bí ìlẹ̀mọ́ àti ìjẹrin yóò ṣe jókòó nínú gbólóhùn gidi, pàápàá níbi tí wọ́n ti ní kí òṣìṣẹ́ wọn bí irin ṣe nípọn tó lẹ́yìn ibi tí omi ti ń wọlé. Àǹtí, bí ẹ bá ṣì rí ìdí tí ìpáàrà fi lè gba ti imí-ọjọ́ mọ́ra, ẹ kọ ọ́, n ó kà á tọkàntọkàn.