Volkswagen ìjàpá mi kì í ṣíná bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iná ọkọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjàpá ọdún 1974, oníná volt 12, ni mo ń wà ní Ilé-Ifẹ̀. Kì í yọ mí lẹ́nu ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wà á dé Iléṣà, tí mo pa á, tí mo sì tún yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, solenoid, ìyẹn súìṣì tó ń gbé iná bátìrì fún kick-starter, á kàn dún kọ́, kick-starter tó yẹ kó yí ẹ́ńjìnnì kò sì ní yí rárá.

Mítà ka volt 12.6 lórí bátìrì. Mo ti fọ ẹnu bátìrì, mo sì ti pààrọ̀ wáyà earth tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀. Wáyà tín-ín-rín tó ti ojú kọ́kọ́rọ́ wá sí solenoid ni mo fura sí, nítorí pé volt 8 péré ló ń dé ibẹ̀ bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ bí mo bá fa iná láti bátìrì wá síbẹ̀ tààrà, ọkọ̀ á ṣíná lójú ẹsẹ̀. Oníwáyà mi ní kí n ra kick-starter tuntun. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àlàyé rẹ̀ kò sì tíì wọ̀ mí létí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé relay, ìyẹn súìṣì kékeré tí iná láti ojú kọ́kọ́rọ́ á máa tàn, tí yóò máa gba iná láti bátìrì fún solenoid tó láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí n má tíì ra kick-starter?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.